Gíláàsì Oníwóro fún Ọmọ Tí Òbí Rẹ̀ Kò Ríran Jìnnà: Ohun Tó Lè Ṣe àti Ibi Tó Ti Ń Kùnà

Awò oníwóro, ìyẹn awò gíláàsì tí wọ́n to wóro kéékèèké tó ń darí ìmọ́lẹ̀ sí lára, méjì la gbé yẹ̀ wò níhìn-ín: MiYOSMART tí ilé-iṣẹ́ Hoya ń ṣe, àti Stellest ti Essilor. Ọmọ tí kì í rí ohun tó wà lọ́ọ̀ọ́kán ni wọ́n ṣe méjèèjì fún, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò parí síbi kí ọmọ rí pátákó ìkọ̀wé. Wọ́n tún ń dín bí nọ́ńbà gíláàsì ọmọ, ìyẹn ìwọ̀n agbára awò tó nílò, ṣe ń gòkè lọ́dọọdún kù. Ní tiwa, awò tó dára ni wọ́n, ó tọ́ kéèyàn rà wọ́n, bí ọmọ bá ti ń wọ̀ ọ́ láti àárọ̀ títí di ìgbà tó fẹ́ sùn, tí ẹni tó gé e sì fi ọmọlójú ọmọ sí àárín awò gan-an. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá yẹ̀, gíláàsì lásán lẹ fi owó gọbọi rà.

Òbí tí òun fúnra rẹ̀ ń lo gíláàsì ló sábà ń sáré rà á jù, nítorí ó ń bẹ̀rù pé ọmọ á jogún ojú òun. Ibẹ̀ ló yẹ ká ti mú ọ̀rọ̀ náà.

Kí ni ojú òbí ń sọ?

Ẹní bíni là á jọ, ti ojú náà kò yàtọ̀. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Orinda, ní ìpínlẹ̀ California, tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2002, wọ́n wo ojú àwọn ọmọ tó tó nǹkan bí ọdún 13 sí 14. Nínú àwọn tí bàbá àti ìyá wọn kò ríran jìnnà, ìdá 32.9 nínú 100 ni tiwọn náà rí bẹ́ẹ̀. Níbi tó ti jẹ́ òbí kan ṣoṣo ló ní in, ìdá 18.2 ni. Níbi tí òbí kankan kò ti ní in, ìdá 6.3. Ẹ tún un kà dáadáa: kódà nígbà tí bàbá àti ìyá jọ ní in, nǹkan bí ọmọ méjì nínú mẹ́ta ni kò ní in ní ọjọ́ orí yẹn. Ìkìlọ̀ ni ojú òbí jẹ́ fún ọmọ, kì í ṣe ìdájọ́.

Kò sì sí jíìnì kan ṣoṣo tí èèyàn lè nawọ́ sí pé òun ló fà á. Lọ́dún 2020, ìwádìí ńlá kan rí ibi 449 nínú àbùdá wa tó lọ́wọ́ sí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń dá kékeré. Ohun mìíràn wà tí kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ rárá. Òbí tó fẹ́ràn ìwé máa ń kó ìwé sí ilé, ọmọ á jókòó tì í, kò ní fi bẹ́ẹ̀ jáde síta. Bí ọmọ ṣe ń jogún ojú náà ló ń jogún ìṣesí.

Nígbà tí oníṣègùn ojú bá béèrè bóyá òbí ń lo gíláàsì, ìdáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" nìkan kò tó, ó tiẹ̀ lè ṣì í lọ́nà. Gíláàsì ìkàwé tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lò lẹ́yìn ogójì ọdún kò sí lára èyí: àgbà ló fà á. Òbí tó sì ti fi iná lésà tún ojú rẹ̀ ṣe, tí kò lo gíláàsì mọ́, ṣì wà lára rẹ̀, torí iwájú ojú ni wọ́n tún ṣe, jíìnì rẹ̀ kò yí padà, ẹyinjú rẹ̀ kò sì kúrú. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yí lọ́jọ́ ogbó nítorí ojú rẹ̀ ń yọ ẹbẹ́, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ohun tó dára jù ni kí bàbá àti ìyá kọ nọ́ńbà gíláàsì wọn sínú ìwé, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ orí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Nọ́ńbà alámì àyọkúrò ni ti ẹni tí kò ríran jìnnà: òbí oní -7.00 tó ti ń wọ gíláàsì láti ọmọ ọdún mẹ́jọ kì í ṣe ẹgbẹ́ òbí oní -1.00 tó bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ogún ọdún.

Bí awò náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Ẹyinjú ọmọ tuntun gùn tó nǹkan bíi mìlímítà 17 láti iwájú dé ẹ̀yìn. Tó bá dàgbà, á tó 23 sí 24. Bí ó bá gùn kọjá ibi tó yẹ kó dúró, ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ á pàdé ṣáájú awọ ẹ̀yìn ojú tó ń gba àwòrán, ohun ọ̀ọ́kán á sì máa rí bàìbàì. Mìlímítà kan péré tó bá lé lè sún nọ́ńbà gíláàsì tó -2.50. Ẹyinjú tó ti gùn kì í padà kúrú. Ìdí nìyí tí gbogbo ohun tí a ń sọ níhìn-ín fi jẹ́ ìdádúró, tí kò fi jẹ́ ìwòsàn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ojú ọmọ yín á "padà sípò" nípa awò kan, ẹ wá ibòmíràn lọ.

Gíláàsì lásán ń gbé àwòrán tó wà láàárín sórí awọ ẹ̀yìn ojú dáadáa, ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́gbẹ̀ẹ́, àwòrán lè bọ́ sí ẹ̀yìn awọ náà. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ oníṣègùn ojú dì mú ni pé ẹyinjú máa ń gùn bíi pé ó ń lépa àwòrán tó bọ́ sẹ́yìn yẹn. Awò oníwóro ń ṣe òdìkejì: ó ń kó apá kan ìmọ́lẹ̀ wá sí iwájú awọ náà.

Nínú MiYOSMART, tí Hoya àti yunifásítì Hong Kong Polytechnic jọ ṣe, àárín awò tó fẹ̀ tó mìlímítà 9 kò ní wóro kankan. Nọ́ńbà ọmọ gan-an ló wà níbẹ̀, ibẹ̀ ló sì ń gbà ríran kedere. Ohun tó yí àárín yìí ká ni nǹkan bíi 400 wóro. Ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mìlímítà 1.03, ó sì ní agbára +3.50 lé lórí nọ́ńbà ọmọ. Àlàfo wà láàárín wóro kan àti èkejì, nọ́ńbà ọmọ náà ló sì wà nínú àlàfo yẹn. Agbègbè oníwóro yìí fẹ̀ tó mìlímítà 33 lápapọ̀. Ti Stellest yàtọ̀: wóro 1,021 ló tò sí òbìrí 11, wọ́n fara kanra wọn, agbára wọn kò sì dọ́gba láti òbìrí kan sí èkejì. Bí ẹ bá gbé awò náà lójúkojú, ẹ lè má rí nǹkan kan. Ẹ gbé e dagun síbi iná, wóro á yọ bí ìrì orí ewé. Ọ̀nà kan nìyẹn láti mọ̀ pé ohun tí ẹ sanwó fún ni wọ́n gbé fún yín.

Ní ti èsì, ìwádìí ọlọ́dún méjì tí wọ́n fi dán MiYOSMART wò ní Hong Kong lo ọmọ 160, ọmọ ọdún 8 sí 13. Nọ́ńbà àwọn tó wọ gíláàsì lásán fi 0.85 gòkè, ti àwọn tó wọ awò oníwóro fi 0.41. Ẹyinjú àwọn ti àkọ́kọ́ gùn sí i ní mìlímítà 0.55, ti àwọn kejì ní 0.21. Ìdínkù ìdá 52 nínú 100 nìyẹn lórí nọ́ńbà, àti ìdá 62 lórí gígùn. Stellest, tí wọ́n dán wò ní Wenzhou, ní orílẹ̀-èdè China, dín bí nọ́ńbà ṣe ń gòkè kù ní ìdá 67 láàárín ọdún méjì, ṣùgbọ́n lára àwọn ọmọ tó ń wọ̀ ọ́ fún wákàtí 12 ó kéré tán lójoojúmọ́ nìkan ni. Àwọn ilé ìtajà máa ń gbé 67 ka iwájú 52 bí ẹni pé eré ìje ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ Wenzhou tó wọ gíláàsì lásán fi 1.46 gòkè láàárín ọdún méjì, wọ́n yára ju ti Hong Kong lọ fíìfíì. Orí ilẹ̀ kan náà kọ́ ni àwọn méjèèjì ti sáré, nítorí náà a kò ní fi ọ̀kan ṣáájú èkejì. Ẹ mú èyí tí ẹni tó ń gé e fún yín mọ̀ ọ́n gé dáadáa.

Ní Amẹ́ríkà, oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn àti ohun èlò ìṣègùn, ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí Stellest, fún ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó láàárín ọdún 6 sí 12. Kò tíì sí awò gíláàsì kankan tí wọ́n fọwọ́ sí fún iṣẹ́ yìí níbẹ̀ ṣáájú ìgbà náà.

Kí ẹ tó sanwó

Ibí yìí ni àṣìṣe tó pọ̀ jù ti ń ṣẹlẹ̀. Ojú ọmọdé lágbára láti fún ara rẹ̀ pọ̀ kó lè rí ohun tó wà nítòsí. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ wọn ojú rẹ̀ láì kán oògùn sí i, fífún yẹn lè mú kí nọ́ńbà tó jáde ju ti òótọ́ lọ. Wọ́n á kọ -1.50 fún ọmọ tó jẹ́ -0.75, ìgbà mìíràn fún ọmọ tí kò tiẹ̀ ní nǹkan kan. Nítorí náà, ẹ béèrè fún ìwọ̀n tí a fi oògùn dẹ ojú kí a tó wọ̀n. Oògùn tí wọ́n sábà ń lò ni cyclopentolate 1%. Wọ́n á kán an, wọ́n á dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 sí 40, kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Ọmọlójú á fẹ̀, oòrùn á máa ta ọmọ lójú, ìwé á sì máa ṣú sí i lójú di ọjọ́ kejì. Ẹ má mú un lọ lọ́jọ́ tí ìdánwò wà lọ́la.

Ohun kejì ni wíwọn gígùn ẹyinjú. Ẹ̀rọ tó ń lo ìmọ́lẹ̀ ló ń wọ̀n ọ́n, kò kan ojú, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ilé ìtajà tó ń ta awò oníwóro tí kò ní ẹ̀rọ yìí kò burú, ṣùgbọ́n kò ní mọ̀ bóyá awò tó tà ń ṣiṣẹ́, nítorí nọ́ńbà lè yẹ̀ díẹ̀ lónìí kó tún yẹ̀ lọ́la, gígùn kì í purọ́ bẹ́ẹ̀.

Bí ọmọ kò bá tíì ní àìríran jìnnà, ẹ má tíì ra awò náà. Ẹ wo bí ojú rẹ̀ ṣe súnmọ́ ọn tó. Ọmọ ọdún mẹ́fà yẹ kó ṣì ní ìwọ̀n alámì àròpọ̀ díẹ̀. Bí ó bá ti wà nísàlẹ̀ +0.75 lẹ́yìn oògùn, ó wà lójú ọ̀nà. Ìwọ̀n yìí sọ ohun tó ń bọ̀ dáadáa ju nọ́ńbà àwọn òbí lọ. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ẹ máa mú lọ wọn ojú lóṣù mẹ́fà mẹ́fà.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún tí nọ́ńbà rẹ̀ ti kọjá -5.00 kì í ṣe oníbàárà ilé ìtajà gíláàsì rárá. Ilé ìwòsàn ló yẹ kó kọ́kọ́ dé, nítorí irú rẹ̀ lè jẹ́ àmì àìsàn mìíràn tí ó wà lára.

Gígé àti wíwọ̀

Kí wọ́n tó gé awò, wọ́n gbọ́dọ̀ wọn ojú kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ láti àárín imú dé àárín ọmọlójú. Wíwọn ojú méjèèjì pọ̀ kí wọ́n wá pín in sí méjì kò tó, nítorí ojú ọ̀tún àti ti òsì kì í sábà jìnnà bákan náà. Lẹ́yìn náà, ọmọ á gbé férémù tí ẹ yàn wọ̀, á dúró, á máa wo iwájú, wọ́n á sì fi gègé sàmì sí ibi tí ọmọlójú rẹ̀ wà lórí awò àfidán. Bí wọ́n bá ní àwọn ti mọ gíga rẹ̀ láìjẹ́ pé ọmọ gbé férémù wọ̀, ẹ má gbà.

Ẹ ronú sí mìlímítà 9 yẹn. Láti àárín rẹ̀ dé etí, 4.5 ni. Bí férémù bá yọ̀ wálẹ̀ lórí imú ní mìlímítà mẹ́rin, apá kan ọmọlójú á bọ́ sí inú wóro, ohun tó ń wò sì lè rí bàìbàì. Ọmọ kì í sọ pé "gíláàsì mi yọ̀." Á gbé àgbọ̀n sókè, tàbí kó máa yọjú wòran láti orí férémù, tàbí kó bọ́ ọ sílẹ̀. Òbí á ní awò náà kò dára.

Imú ọ̀pọ̀ ọmọdé ṣì pẹ̀tẹ́, nítorí náà ẹ yan férémù tí ìrọ̀rí imú rẹ̀ ṣeé tẹ̀, tàbí tó fẹ̀ níbẹ̀, tí apá rẹ̀ sì rọ̀gbà yí ẹ̀yìn etí. Okùn tó ń so apá méjèèjì lẹ́yìn orí wúlò fún ọmọ tó ń sáré. Ẹ má ra férémù ńlá nítorí kó lè pẹ́ lójú ọmọ. Ẹ má sì ra pẹlẹbẹ tó kéré jù, nítorí á gé wóro òkè àti ti ìsàlẹ̀ kúrò, àwọn yẹn ni ẹ sì ń sanwó fún.

Ní ọjọ́ mẹ́ta sí ọ̀sẹ̀ kan àkọ́kọ́, ọmọ lè sọ pé ẹ̀gbẹ́ ń ṣú, tàbí kó máa ṣe ìṣọ́ra lórí àtẹ̀gùn. Ó sábà máa ń lọ. Bó bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ dá a padà fún àtúnwọ̀n kí ẹ tó dá ọmọ lẹ́bi. Ẹ fi omi tó ń ṣàn àti ọṣẹ tí kò le fọ awò, kí ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù ún. Etí ẹ̀wù ọmọ ń họ ọ́, àárín tó bá ti họ kò sì wúlò fún ìkàwé mọ́.

Àṣà kan tó ń bà wá nínú jẹ́ ni kí òbí ní kí wọ́n dín nọ́ńbà kù "kí ojú má baà gbára lé e." Wọ́n ti dán an wò ní Màléṣíà, èsì rẹ̀ jáde ní 2002: nọ́ńbà àwọn ọmọ tí wọ́n dín tiwọn kù gòkè ju ti àwọn tí wọ́n fún ní pípé lọ. Nọ́ńbà pípé ni kí ẹ gbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má ṣe jẹ́ kí àbúrò jogún gíláàsì oníwóro ẹ̀gbọ́n. Àárín rẹ̀ kò bá ojú rẹ̀ mu, nọ́ńbà náà kò sì jẹ́ tirẹ̀.

Àwọn ohun mìíràn tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà

Lẹ́ǹsì MiSight ti CooperVision ń wọ inú ojú láàárọ̀, a sì ń sọ ọ́ nù lálẹ́. Láàárín ọdún mẹ́ta ó dín nọ́ńbà tó ń gòkè kù ní ìdá 59 àti gígùn ẹyinjú ní ìdá 52, FDA sì fọwọ́ sí i ní oṣù Kọkànlá 2019. A fẹ́ràn rẹ̀ fún ọmọ tó ń ṣeré ìdárayá, tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ọmọ tí ẹ gbọ́dọ̀ rán létí ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó fọ ọwọ́, gíláàsì ni kó máa lò. Lẹ́ǹsì líle tí wọ́n ń wọ̀ sùn kó lè tẹ iwájú ojú náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kòkòrò àrùn lè tibẹ̀ wọ ojú, pàápàá bí omi ẹ̀rọ bá kàn án. Omi kò gbọ́dọ̀ kan lẹ́ǹsì kankan, yálà ti ọ̀sán tàbí ti òru.

Oògùn atropine tí wọ́n pò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ń jẹ́ ìkán kan lálẹ́. Níbi rẹ̀, ẹ wo ìwọ̀n tó wà lára ìgò. Nínú ìwádìí LAMP ní Hong Kong, 0.05% dín nọ́ńbà tó ń gòkè kù ní ìdá 67 ní ọdún kìíní, 0.025% ní ìdá 43, 0.01% ní ìdá 27 péré. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí kan tó jáde ní 2023 kò rí ìyàtọ̀ láàárín 0.01% àti oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Síbẹ̀ 0.01% ni ọ̀pọ̀ ṣì ń kọ fún ọmọ. Atropine yìí kan náà ni oògùn tó ti ṣèrànwọ́ fún ọmọ tí kò tíì ní àìríran jìnnà: 0.05% dín iye àwọn tó ní in láàárín ọdún méjì kù láti ìdá 53 sí ìdá 28.4. Fún ọmọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ jọ ní nọ́ńbà ńlá, ìyẹn tọ́ láti bá oníṣègùn ojú sọ, kì í ṣe pẹ̀lú olùtajà.

Èyí tí kò ní iye lórí ni ìta. Ní Guangzhou, ní China, wọ́n fi ìṣẹ́jú 40 kún àkókò tí ọmọ kíláàsì kìíní ń lò níta lójúmọ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ìdá 30.4 nínú wọn ló ti ní àìríran jìnnà, níbi tí ìdá 39.5 ti ní in láàárín àwọn tí kò jáde kún. Taiwan ń lépa ìṣẹ́jú 120 lójúmọ́ láti 2010. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ló ń ṣe é. Inú kíláàsì kì í sábà ju 500 lux (ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀) lọ, ìta lè kọjá 10,000. Ọmọ lè dé fìlà, ó lè wà lábẹ́ igi, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Eré orí fóònù lábẹ́ igi kò burú tó ti inú yàrá, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù dára jù ú lọ.

Lẹ́yìn tí ọmọ bá ti gba awò, oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni ìbẹ̀wò, gígùn ẹyinjú sì ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn. Bí ó bá ṣì ń gùn bíi mìlímítà 0.3 lọ́dún láìka pé ó ń wọ̀ ọ́ dáadáa, ó tó láti fi oògùn kún un. Ẹ má gbèrò àtidáwọ́ dúró kí ọmọ tó kọjá ọdún 15: nínú ìwádìí COMET ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí ìdajì ni nọ́ńbà wọn ti dúró ní ọjọ́ orí yẹn, ìdá 77 ní ọdún 18, ìdá 90 ní ọdún 21.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń wọn ojú ọmọ, kí òbí tí nọ́ńbà tirẹ̀ ti tó -6.00 náà jókòó sórí àga kan náà, kí wọ́n fi oògùn fẹ ọmọlójú rẹ̀ wo ẹ̀yìn. Ẹyinjú tó gùn máa ń fa awọ ẹ̀yìn ojú tín-ín-rín títí ó fi lè ya, gíláàsì kò sì dènà ìyẹn. Bí iná bá ń kọ mànà nínú ojú, tí nǹkan dúdú wẹ́wẹ́ bá ń fò lójijì, tàbí tó dà bíi pé aṣọ títa ń bo ẹ̀gbẹ́ kan, ọjọ́ yẹn gan-an ni kó dé ilé ìwòsàn.